Ọmọ Tí Ó Bá Fọwọ́ Kàn Án Ni Yóò Gbé E

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí ojú ìwé ìdílé lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn kan nínú yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ayò ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé lọ. Mo ti rí ilé tí ayò yìí fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọkọ àti aya, mo sì ti rí ọmọ tí ó tipasẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́.

Ìyá kan tí ó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti kọ́ ayò tí àwọn òyìnbó ń pè ní chess, tí àwa ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí ń ta á ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá náà ní, "Pásítọ̀, ẹ̀rù ń bà mí o. Bí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kí ó tó bọ́ aṣọ, ọpọ́n ni. Ó lè jókòó tì í fún wákàtí méjì kí ó má sọ̀rọ̀. Àbí ẹ̀mí kan wà nídìí rẹ̀ ni?" Kí n tó dáhùn, bàbá ọmọ náà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀: "Ti ẹ̀mí kọ́ ni tèmi, sà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá yóò jẹ́ kí ó mọ ìṣirò. Bí kò bá ní jẹ́ kí ó mọ ìṣirò, kí ni mo ń san owó ọkọ̀ fún? Ìdíje tí ó lọ kẹ́yìn yìí, ipò kẹtàdínlógún ni ó gbé bọ̀ wálé."

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀ fún mi níbẹ̀: ti ẹ̀mí, ti ìṣirò, ti ipò kẹtàdínlógún. Ti ìkẹyìn yìí ni ó jinlẹ̀ jù lójú mi, òun náà sì ni àwọn òbí kì í fẹ́ dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ẹ̀mí kúrò lọ́nà. Ẹni tí a bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó kò yẹ kí ó máa bẹ̀rù ọpọ́n ayò. Láti agbègbè Ìga Ìdúngànràn títí dé Ìdúmọ̀tà, láti Fàájì títí dé Pópó Àgùdà, ta ni kò mọ àwọn àgbà tí ń gbé bẹ́ǹṣì síta bí oòrùn bá ti rọ̀, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ayò tàbí dráfù? Ayò ọlọ́pọ́n wa, ojú méjìlá ni, mẹ́fà lọ́dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta dáadáa ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè, àwọn òǹwòran a sì máa pariwo ju àwọn tí ń ta á lọ. Yẹ̀yẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, o máa gbọ́ ọ títí o fi dé ilé.

Ṣẹ́ẹ̀sì náà kì í ṣe ohun òkùnkùn. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1,400 sẹ́yìn. Àwọn ará Páṣíà gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn Lárúbáwá gbà á lọ́wọ́ Páṣíà, láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì ti dé Yúróòpù. Ojú 64 ni ó wà lórí ọpọ́n rẹ̀, dúdú àti funfun. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ni ẹni kọ̀ọ̀kan ní: ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹlẹ́ṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì, àti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ká ọba ẹnì kejì mọ́ ibi tí kò ti lè sá lọ mọ́ ni ó jẹ ayò. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ bíṣọ́ọ̀bù yẹn mú inú yín dùn jù o. Erin ni àwọn ará Páṣíà ń pè é. Àwọn òyìnbó ni wọ́n bọ́ fìlà erin náà tí wọ́n fi ti bíṣọ́ọ̀bù dé e lórí. Bákan náà, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí ó bá rìn títí dé ìpẹ̀kun ọpọ́n lè di ayaba. Mo mọ̀ pé àwọn pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ti ń wá bírò àti bébà báyìí. Mo fi ìwàásù yẹn sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tí ó yẹ kí ìyá náà bẹ̀rù wà ní ìkọjá títì méjì sí ilé rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ ra ìwé pélébé. Tẹ́tẹ́ àti ṣẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì kò sí ọmọ ayò tí a ń dà bí ti lúdò, kò sí káàdì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ń retí. Gbogbo ohun tí ọ̀tá rẹ ní ni ó wà níwájú rẹ, gbogbo ohun tí ìwọ náà ní ni ó wà níwájú rẹ̀. Kìkì pé kí wọ́n má fi owó lé e, nítorí pé ọmọ Èkó lè fi owó lé eré alángbá lórí ògiri.

Níbi tí kò ti sí oríire àti àìríire yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí nǹkan kò bá lọ bí a ti fẹ́, ọwọ́ ayé ni a kọ́kọ́ ń wò. Bàbá kan, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn, mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní kí n bá òun lé ẹ̀mí ó-kù-díẹ̀-kí-ó-tó jáde lára ọmọ náà, nítorí pé ó ti jẹ gbogbo ayò rẹ̀ níbi ìdíje kan títí ó fi ku ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí ì bá sọ ọ́ di ẹni àkọ́kọ́, ni wọ́n bá jẹ ẹ́. Mo gbàdúrà fún wọn, nítorí pé àdúrà kò burú. Lẹ́yìn náà mo ní kí ọmọ náà fi ayò ọ̀hún hàn mí. Ó tò ó sórí ọpọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń kọ gbogbo ìrìn sílẹ̀ sórí ìwé, ó ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibì kan tí ó dúró. Ó ní, "Ibí ni, sà. Ẹlẹ́ṣin ni mo fọwọ́ kàn kí n tó wò." Bàbá rẹ̀ wo ọpọ́n, ó wo ojú mi, kò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọmọ yẹn sọ, nítorí pé òfin ni. Nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì, bí ó bá kàn ọ́ láti rìn, tí o sì mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan ọmọ rẹ kan, òun ni o gbọ́dọ̀ gbé bí ó bá ní ibi tí ó lè lọ. Bí o bá fọwọ́ kan ọmọ ẹnì kejì rẹ, o gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ bí ó bá ṣeé jẹ. Kò sí "mo kàn ń ṣeré ni," kò sí "jọ̀ọ́, jẹ́ kí n dá a padà." Bí ó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ tún un jókòó dáadáa lójú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ síta kí ọwọ́ rẹ tó kàn án. Ọwọ́ rẹ ni ẹ̀rí. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá pẹ́ nínú ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì máa ń kọ́ láti fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ itan kí ó lè fi ojú wò tán. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú gbọ̀ngàn kan ní ọjọ́ ìdíje, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí kò wọ ibẹ̀ rí. Wọ́n máa ń já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Tábìlì tò ní ìlà ìlà, ọpọ́n kan láàrin ọmọ méjì méjì, aago kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Aago olójú méjì ni. Bí mo bá rìn, mo máa fi ọwọ́ tí mo fi gbé ọmọ náà tẹ aago, àsìkò tèmi á dúró, tìrẹ á bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Bí àsìkò ẹnì kan bá tán kí ayò tó parí, ó sábà máa ń sọ ayò nù, bí ó tilẹ̀ ní ọmọ púpọ̀ lórí ọpọ́n. Àwọn ọmọ máa ń bọ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún bọ ọwọ́ bí wọ́n bá parí, ẹni tí ó jẹ àti ẹni tí a jẹ, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí ìwé àbájáde. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, tí omi ń lé lójú rẹ̀, tí ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìwé tí ó sọ pé wọ́n jẹ ẹ́. Àgbàlagbà mélòó nínú wa ni ó lè ṣe é?

Ariwo kò sí níbẹ̀. Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù, èmi tí mo dàgbà sídìí ayò aláriwo. Òǹwòran kò gbọdọ̀ la ẹnu. Bí fóònù ẹni tí ń ta ayò bá sì dún, wọ́n lè kéde pé ó ti sọ ayò nù nìyẹn. (Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti jẹun, ẹ ṣe sùúrù títí di ọ̀sán.)

Ní báyìí, ipò kẹtàdínlógún. Mo bi bàbá ọmọ náà pé, "Àwọn ọmọ mélòó ni ó wà níbẹ̀?" Kò mọ̀. Mo bi ọmọ náà, ó ní àwọn 42 ni. Mo bi í pé ayò mélòó ni ó ta. Ó ní mẹ́fà: òun jẹ mẹ́ta, wọ́n jẹ òun ní méjì, ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀mì. Bàbá rẹ̀ kò bi í ní ọ̀kankan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí rí. Nọ́ńbà 17 nìkan ni ó gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ìdíje bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní Swiss, nítorí pé ìlú Zürich ní Switzerland ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ní 1895. Nínú ètò yìí, wọn kì í lé ẹni tí a jẹ lọ sílé. Ẹni tí ó bá jẹ máa ń gba máàkì kan, ẹni tí ó bá ta ọ̀mì máa ń gba ìlàjì, ẹni tí a bá jẹ kò gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni yóò padà sórí tábìlì ní ìpele tí ó kàn. Wọ́n máa ń fi àwọn tí máàkì wọn bá dọ́gba kojú ara wọn. Nítorí náà, bí o bá ń jẹ, àwọn tí o máa bá pàdé á túbọ̀ máa le sí i. Bí wọ́n bá ń jẹ ọ́, o máa bá ẹni tí òun náà ń ru ẹrù rẹ pàdé. Ọmọ tí ó sọ ayò àkọ́kọ́ nù ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣì lè parí ọjọ́ náà pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ fi wé bí a ti ń ṣe àwọn ìdíje mìíràn fún ọmọ wa, títí kan èyí tí a ń ṣe nínú ìjọ, níbi tí ọmọ tí ó bá ṣi ìbéèrè kan ti ń lọ jókòó sẹ́yìn tí ó ń wo àwọn yòókù títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nípa ti ìṣirò, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan ń polówó ṣẹ́ẹ̀sì bí ẹni ń polówó àgbo: pé ó ń la ọpọlọ, pé ọmọ tí ó bá ti ń ta á kò ní fìdí rẹmi mọ́. Ní 2016, ìwádìí ńlá kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 100 ni wọ́n lò. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì ní ìdajì lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, wọn kò kọ́ wọn ní ìdajì yòókù. Lẹ́yìn ọdún kan tí ẹ̀kọ́ náà parí, wọ́n fi ìdánwò ìṣirò àwọn ọmọ náà wéra. Kò sí ìyàtọ̀. Nítorí náà, bàbá mi, bí ìṣirò ni ẹ ń wá, ẹ wá olùkọ́ ìṣirò fún ọmọ náà, kí ẹ sì máa jókòó tì í bí ó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣẹ́ẹ̀sì kò ní ṣe ìyẹn fún yín.

Kí ni yóò wá ṣe? Ẹ wo ohun tí ó ti ṣe ní ìlú wa níbí. Ẹni tí ó bá gba Adéníjì Adélé bọ́ sórí afárá Third Mainland tí ó forí lé òkè, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni Mákókó wà, níbi tí àwọn apẹja ti ń kọ́ ilé orí igi sójú omi láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá rékọjá òdìkejì ọ̀sà lọ sí apá Ìkòròdú, yóò kan Májídùn. Ní Májídùn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Túndé Ọnàkọ̀yà, ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ṣẹ́ẹ̀sì ní 2018, tí ó sì dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, ní Ìkòròdú ni ó dàgbà sí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹ irun ni ó ti kọ́ ayò náà nígbà tí kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé owó kò sí. Ìyá rẹ̀ ni ó lọ bẹ ilé ẹ̀kọ́ kan pé kí òun máa bá wọn ṣe ìmọ́tótó kí wọ́n lè gba ọmọ òun. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Yaba College of Technology, ó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sì ń ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ilé ẹ̀kọ́ náà.

Láti Májídùn, ẹgbẹ́ náà dé Mákókó ní 2021. Nígbà tí ọdún yẹn sì ń parí lọ, wọ́n gbé ọpọ́n lọ sí abẹ́ afárá Òṣòdì, sáàrin àwọn kọ́ńdọ́ àti àwọn ọmọ tí kò ní ilé tí wọ́n ń padà sí. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn ọmọ tí ó mọ́ tónítóní nìkan ni wọ́n pè. Àwọn tí a máa ń ká gíláàsì mọ́tò sókè fún ni wọ́n bá jókòó.

Ní Oṣù Kẹrin 2024, Ọnàkọ̀yà jókòó sí Times Square ní New York, òun àti ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kan ní Amẹ́ríkà, Shawn Martinez, wọ́n sì ta á fún wákàtí 60 láì sùn, kí wọ́n lè kó owó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tálákà. Wákàtí 56 àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni àwọn ọmọ Norway méjì ti ṣe ní 2018. Nígbà tí àwọn ọmọ Norway mìíràn tún kọjá wọn, òun àti Martinez padà síbẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 2025, wọ́n ṣe wákàtí 64. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni òfin gbà wọ́n láyè láti fi sinmi nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn bí inú gbogbo ọmọ Nàìjíríà ti dùn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kankan má wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé pásítọ̀ ní kí òun má sùn o. Ohun tí Ọnàkọ̀yà ṣe ní Májídùn, láì sí kámẹ́rà, ni ó wù mí kí a fara wé.

Bí mo bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa ipò kẹtàdínlógún, mo máa ń rántí ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Olúwafẹ́mi Balógun. Ní 2017, ó yege láti lọ sí ìdíje World Cup ti ṣẹ́ẹ̀sì ní ìlú Tbilisi, ní orílẹ̀-èdè Georgia. Nígbà tí wọ́n pín wọn, ta ni wọ́n fi kò ó lójú ní ìpele àkọ́kọ́? Magnus Carlsen ti Norway ni, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ní gbogbo ayé nígbà náà. Ayò méjì ni wọ́n ta, Carlsen sì jẹ méjèèjì. Balógun padà sílé. Bí ó bá jẹ́ bàbá tiwa yìí ni, a ó ní kí ni owó ọkọ̀ òfuurufú wà fún. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Yóò ní kí Balógun wá jókòó, kí ó tò ó sórí ọpọ́n, kí ó fi bí ọkùnrin yẹn ti rìn hàn án.

Àwọn kan lè wí pé iṣẹ́ ìjọ kọ́ nìyí. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Kampala, ní Uganda. Àdúgbò tálákà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Katwe. Robert Katende, tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni kan tí ń fi eré ìdárayá wá ọmọ ènìyàn, ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ní nǹkan bí 2004, ó gbé ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì wá, ó sì ń fún àwọn ọmọ tí ó bá wá ní ògì mu. Ebi ògì yẹn wà lára ohun tí ó fa ọmọbìnrin kan wọlé, Phiona Mutesi, tí ó ń kiri àgbàdo. Kò mọ ìwé kà dáadáa nígbà náà. Ní 2010, ó wà lára àwọn tí ó lọ ta ṣẹ́ẹ̀sì fún Uganda ní ìdíje Olympiad ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ti ṣe sinimá nípa rẹ̀ ní 2016. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ògì inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wàásù fún ọmọ tí ebi ń pa kí ó tó fún un ní ife.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọbìnrin ni. Nígbà tí mo bẹ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìyá oníṣòwò Ìdúmọ̀tà yẹn wò, ọmọkùnrin mẹ́rìnlá ni mo kà, ọmọbìnrin mẹ́ta. Ibo ni àwọn arábìnrin wọn wà ní àárọ̀ Sátidé? Ẹ̀yin ìyá mọ ìdáhùn náà. Wọ́n wà nílé, wọ́n ń fọ aṣọ àwọn tí ó lọ ta ayò. Ọmọ wa tí ó gba ipò kẹtàdínlógún yẹn sọ fún mi pé ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó jẹ òun jẹ́ ọmọbìnrin láti Ọbalẹ́ndé, tí ó kéré sí òun lọ́jọ́ orí. Bàbá rẹ̀ ní, "Obìnrin jẹ ọ́?" Ọmọ náà dáhùn pẹ̀lẹ́ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó mọ̀ ọ́n ta." Mo rò pé nínú gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn ti kọ́ níbẹ̀, èyí nìkan tó owó ọkọ̀ tí wọ́n san.

Mo ti bá àwọn alàgbà ìjọ wa sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ tiwa. Gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé máa ń ṣófo láti Fúráìdè títí di àárọ̀ Sọ́ńdè. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ ayò oníke kò wọ́n bí bàtà bọ́ọ̀lù, ẹ sì lè fi rúlà àti táǹdá fa ojú 64 sórí páálí. Aago lè dúró títí a óò fi lówó. Ọ̀rọ̀ tí a kò ní fi falẹ̀ ni ti àwọn àgbàlagbà tí yóò máa wà níbẹ̀: méjì ni wọn yóò máa jẹ́ nígbà gbogbo, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú àwọn ọmọ, ilẹ̀kùn yóò sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Owó kankan kò gbọdọ̀ wà lórí ọpọ́n, ìbáà ṣe owó súìtì. Àwọn ọmọ àdúgbò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ lè wá, a kò sì ní bi wọ́n léèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó jókòó. Ìsàlẹ̀ Èkó ni a wà. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè pe ọmọ mẹ́wàá jọ ní àdúgbò yìí kí ó má rí Mùsùlùmí nínú wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá rere ti gbà láti máa se ògì, àwọn ọkùnrin ni yóò máa ra àkàrà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni a ó máa bẹ̀rẹ̀, a ó sì parí ní aago kan kí àwọn tí ó ní iṣẹ́ ilé lè tètè padà. Ẹni tí ó bá ní tábìlì kékeré tí kò lò mọ́, kí ó jọ̀wọ́ gbé e wá. Márùn-ún ni a ní, mẹ́jọ ni a nílò. Ẹ mú àwọn ọmọbìnrin wá pẹ̀lú. Bí ẹ bá sì wá mú ọmọ yín ní aago kan, kí ẹ tó bi í pé "Ìwọ ni o ṣe ipò kìn-ín-ní?", ẹ ní kí ó tò ó sórí ọpọ́n kí ó fi hàn yín.